Bí a ṣe ń sá eré kìlómítà 5 létí òkun kí ọwọ́ sì tẹ àkókò tí a fojú sùn

Ẹni tí ó bá fẹ́ sá kìlómítà 5 létí òkun láàárín ìṣẹ́jú 25 ní láti kọ́kọ́ gbà pé ẹsẹ̀ àti èémí òun nìkan kọ́ ni yóò pinnu ohun tí aago máa kọ ní ìlà ìparí. Afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ láti ojú omi wá wà nínú ìṣirò náà, ilẹ̀ tí a ó tẹ̀ wà níbẹ̀, wákàtí tí eré yóò bẹ̀rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ olùsáré ni ó ní agbára tí ó tó, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń pàdánù ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé wọ́n pín àkókò wọn lọ́gbọọgba lórí ọ̀nà tí kò dọ́gba. Létí òkun, agbára ni a ń pín lọ́gbọọgba. Aago a máa lọ sókè, a máa lọ sódò, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe fẹ́.

Kí a tó kan òkun rárá, ẹ jẹ́ kí àkókò tí ẹ fojú sùn jẹ́ èyí tí ara yín ti fi hàn pé òun lè gbé. Nígbà tí ó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ wá ojú ọ̀nà pẹrẹsẹ tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀, ẹ mú ara gbóná dáadáa, kí ẹ sì sá kìlómítà 3 pẹ̀lú gbogbo agbára yín. Ẹni tí ó bá parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 14 àti ààbọ̀ lè lépa ìṣẹ́jú 25 pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, nítorí pé bí ọ̀nà bá ṣe ń gùn sí i ni ìyára ń dín kù díẹ̀díẹ̀: ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 50 fún kìlómítà kan nínú eré kìlómítà 3 sábà máa ń di ìṣẹ́jú 5 gééré nínú eré kìlómítà 5. Ẹni tí ó bá lo ìṣẹ́jú 17 àti ààbọ̀, ìṣẹ́jú 30 ni kí ó fojú sùn, kò sì sí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Mo tún gbà yín níyànjú pé kí ẹ ní àkókò méjì lọ́kàn, ọ̀kan fún ọjọ́ tí òkun bá pa rọ́rọ́, èkejì fún ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń jà, kí ẹ sì pinnu èyí tí ẹ ó lò ní òwúrọ̀ eré, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé ojú ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó láti fi gbára dì fún ẹni tí ó ti ń sáré déédéé tẹ́lẹ̀, bí ó bá ń lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ọjọ́ kan wà fún eré gígùn tí a fẹ̀sọ̀ sá, kìlómítà 8 sí 10, irú èyí tí ẹ lè máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láìmí hẹlẹ. Ọjọ́ kan wà fún mítà 400 lẹ́ẹ̀mẹjọ, kí ẹ parí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 1:55, ìyẹn ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 55, kí ẹ sì máa rìn fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ láàárín wọn. Ọjọ́ kẹta ni mo kà sí pàtàkì jù lọ. Ẹ wá ọ̀nà gbalasa tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lójú rẹ̀, kí ẹ sá mítà 1,000 lọ, kí ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ sì sá mítà 1,000 padà, títí tí yóò fi pé mẹ́rin. Kí mímí yín rí bákan náà ní àlọ àti ní àbọ̀, kí ẹ má sì wo aago títí ẹ ó fi parí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo ohun tí ó kọ: bí ti àlọ bá jẹ́ 5:15, tí ti àbọ̀ sì jẹ́ 4:55, ẹ ti mọ iye tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ yín àti iye tí ó ń dá padà. Kò sí ẹlòmíràn tí ó lè sọ iye yẹn fún yín, nítorí pé ara kálukú ni ó ń dá a lóhùn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, ẹ dín gbogbo eré kù sí ìdajì.

Afẹ́fẹ́ etíkun ní ìlànà tirẹ̀. Bí oòrùn bá yọ, ilẹ̀ a tètè gbóná ju omi lọ. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ a gbóná, a fúyẹ́, a gòkè, afẹ́fẹ́ tútù láti ojú òkun a sì wọlé láti gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyí tí etíkun fi sábà máa ń pa rọ́rọ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí afẹ́fẹ́ sì máa ń gbérí bí ọ̀sán bá ṣe ń sún mọ́. Ní òru, ilẹ̀ a tètè tutù ju omi lọ, afẹ́fẹ́ a sì yí padà, a máa fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sójú omi. Nítorí náà, bí ẹ bá ní àǹfààní láti yan eré, èyí tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀ sàn fún ẹni tí ń lépa àkókò ju èyí tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá lọ. Afẹ́fẹ́ náà kì í sì í sábà wá tààrà láti inú òkun. Ó máa ń yà sí apá ọ̀tún tàbí apá òsì, ìyẹn ni ó ń mú kí ó dojú kọ wá ní apá kan ọ̀nà, kí ó sì ti wa láti ẹ̀yìn ní apá kejì.

Èmi kò mọ èyí nígbà tí mo sá eré etíkun mi àkọ́kọ́. Àsíá mẹ́rin ni wọ́n gbé dúró sí ìlà ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn nà gbọnrangandan sí ìhà tí a fẹ́ sá lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ wọn, mò ń so okùn bàtà mi láìbi ara mi ní ohun tí wọ́n ń fi hàn mí. Mo sá kìlómítà kìíní ní 4:38, mo sá èkejì ní 4:47, inú mi sì ń dùn pé ìgbáradì mi ti so èso. Ooru ń mú mi, n kò gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ kankan létí, èyí gan-an sì ni àmì tí ó yẹ kí n fi mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ó ti ń tì mí. Nígbà tí mo yí kóònù po ní ìdajì ọ̀nà, nọ́ńbà tí ó ti ń fì lẹ́lẹ́ ní àyà mi lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù típẹ́típẹ́, etí mi kún fún ariwo hùù, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú mi. Kìlómítà kẹta gba 5:05, ìkẹrin gba 5:42, ìkarùn-ún gba 5:50. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 26:02, ó sì dùn mí fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí pé ìyára mi nígbà ìgbáradì lásán ti dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn kì í san gbogbo gbèsè tí afẹ́fẹ́ iwájú bá jẹ wá. Bí ìyára afẹ́fẹ́ tí ń pàdé ara bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń ti ara sẹ́yìn a di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lẹ́yìn wa, ìdènà díẹ̀ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń mú kúrò. Fún ìṣẹ́jú 25 lórí ọ̀nà àlọ àti àbọ̀, bí afẹ́fẹ́ bá dojú kọ yín ní àlọ, ohun tí mo máa ń kọ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi ni 5:08, 5:08, 5:00, 4:52 àti 4:50, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24:58. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ó wà ní àlọ, ẹ yí i padà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí kìlómítà kìíní yá ju 4:48 lọ, bí ó ti wù kí ó rọrùn tó. Ní apá tí afẹ́fẹ́ ti dojú kọ yín, ẹ wá ẹni tí ìyára rẹ̀ bá tiyín mu, kí ẹ sá ní nǹkan bí mítà kan sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ dín gígùn ìṣísẹ̀ yín kù, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀, kì í ṣe láti ìbàdí. Ó tọ́ kí ẹ gba iwájú fún un lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń rí ẹni bá rìn títí dé òpin.

Nígbà tí Joshua Cheptegei, ọmọ Uganda, sá mítà 5,000 ní 12:35.36 ní Monaco ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, nǹkan bí 2:31 ni ó lò fún kìlómítà kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èkejì mu. Ìlú etíkun ni Monaco, ṣùgbọ́n inú pápá ìṣeré ni ó ti sá a, níbi tí iná tí ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ti ń fi ìyára hàn án. Ọ̀nà gbalasa kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi irú ìdọ́gba yẹn da ara rẹ̀ láàmú.

Bí eré náà bá gba orí iyanrìn kọjá, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Sísáré lórí iyanrìn rírọ̀ ń gba nǹkan bí ìlọ́po kan ààbọ̀ agbára tí ilẹ̀ líle ń gbà, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè gbé àkókò ojú títì lọ síbẹ̀. Iyanrìn tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀ ni ó le jù, tí ẹsẹ̀ kì í sì í rì sínú rẹ̀, ìyẹn ni ó fi yẹ kí ẹ mọ wákàtí tí òkun ń kún àti èyí tí ó ń fà. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nǹkan bí wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 sì ni ó wà láàárín ìkún kan àti èkejì, tó bẹ́ẹ̀ tí ìkún ọ̀la máa ń pẹ́ ju tòní lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Ẹ̀bá omi tún máa ń dà gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ tí ó wà ní ìhà òkun a máa tẹ ibi tí ó rẹlẹ̀ ju ti èkejì lọ, èyí sì lè mú kí orúnkún tàbí ìbàdí máa roni bí a kò bá ti fi kọ́ra. Ẹ sáré lórí iyanrìn lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin ṣáájú, kí iṣan ẹ̀yìn ojúgun má baà jẹ́ àjèjì sí i.

Ní òwúrọ̀ eré, ẹ jẹ ohun tí inú yín ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì mu omi níwọ̀nba. Ọ̀rinrin etíkun kì í jẹ́ kí òógùn tètè gbẹ lára, bẹ́ẹ̀ òógùn tí ń gbẹ ni ó ń mú ara tutù. Ìdí nìyí tí mo fi ń wọ ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti fìlà tí ó ní etí, nítorí oòrùn tí ń tàn padà láti ojú omi. Ẹ sáré wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fi eré kíkankíkan ti mítà 60 mẹ́rin kún un, kí ẹ sì parí rẹ̀ nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ béèrè bóyá ìgbà tí wọ́n bá yìnbọn ni wọ́n ó ti máa ka àkókò, tàbí ìgbà tí ẹ bá tẹ ẹní tí ń ka ẹ̀rọ kékeré tí ó wà lẹ́yìn nọ́ńbà yín. Bí ó bá jẹ́ ti ìbọn, ẹ sún mọ́ iwájú bí ó ti yẹ. Aago ọwọ́ tí ń lo sátẹ́láìtì sì máa ń ka ọ̀nà sí gígùn díẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ ni àwọn tí ń wọn ọ̀nà eré máa ń wọ̀n, ẹni tí ó bá sì yà síta ní kọ̀ǹrọ̀ ti fi kún tirẹ̀. Bí aago bá kọ kìlómítà 5.05 ní òpin, ẹni tí ó sá a ní 5:00 gééré lórí aago yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 pẹ́ ju ìṣẹ́jú 25 lọ. Nítorí náà, pátákó kìlómítà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kí ẹ máa fi ṣe ìṣirò.

Kìlómítà kẹrin ni ó máa ń le jù. Ayọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ, òpin kò tíì dé, ìyára sì máa ń yọ́ lọ láìjẹ́ pé ẹni tí ń sáré mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń yan ẹ̀yìn ẹnì kan níwájú tí mo sì ń fa ara mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ewu mìíràn tún wà tí mi ò tíì rí níbòmíràn. Etíkun tẹ́jú, kò sí ilé tàbí igi tí ó dí ojú, nítorí náà a máa ń rí ìlà ìparí láti ọ̀nà jíjìn, ojú a sì máa tan ẹsẹ̀ jẹ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rìn láti ìlà ìparí padà sẹ́yìn ní mítà 300, kí ẹ mú ohun kan tí kò lè ṣí kúrò níbẹ̀ ṣe àmì, òpó iná tàbí àpáta, kí ẹ má sì tú agbára tí ó kù sílẹ̀ títí ẹ ó fi kọjá rẹ̀.

Ní eré etíkun mi kejì, afẹ́fẹ́ dojú kọ wá ní àlọ. Mo sá 5:08, 5:10, 5:00, 4:50 àti 4:46, mo sì parí ní 24:54. Kí n tó bọ́ bàtà, mo kọ iye márààrún sínú ìwé, mo sì fa ọfà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi ìhà tí afẹ́fẹ́ ti wá hàn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé yẹn sì ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí bí mo bá fẹ́ yan àkókò tuntun.