Bí mo ṣe to amplifier LM386, fún ẹni tí kò tíì jó lẹ́ẹ̀dì rí

Amplifier kékeré tó ń sọ ohùn fóònù di ńlá nínú sípíkà ni mo tò. Bátìrì fólìtì 9 ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yàn án bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí iná ara ògiri nínú rẹ̀ rárá, nítorí náà kò sí ìbẹ̀rù pé iná á gbé ẹnikẹ́ni. Amplifier ńlá tó ń lo iná NEPA lè pa ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́ lára iná, torí capacitor ńlá inú rẹ̀ ṣì ń di iná mú. Kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ní Alábà tàbí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń ta ẹ̀yà rédíò, ẹ béèrè fún IC LM386, ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń sọ ohùn di ńlá (ẹ ra méjì, kò wọ́n) àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ rẹ̀, fọ́lúùmù 10 kΩ, resistor (ẹ̀yà tó ń dín iná tó ń kọjá kù) 10 Ω kan àti 1 kΩ méjì. Capacitor tí mo lò jẹ́ 220 µF, 100 µF, 10 µF, 0.047 µF tí wọ́n kọ 473 sí lára, àti 0.1 µF tí wọ́n kọ 104 sí. Sípíkà 8 Ω inú rédíò àlòkù náà dára. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó gbé e wálé: 6 sí 7 Ω ló yẹ kó fi hàn. Bí mítà kò bá mira, wáyà inú rẹ̀ ti já nìyẹn.

Orí breadboard, pákó oníhò tí a ń ki ẹsẹ̀ ẹ̀yà bọ̀ láìjó lẹ́ẹ̀dì, ni mo kọ́kọ́ to gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ gbé àmì gígé tó wà lórí IC sókè. Ẹsẹ̀ 1 wà lókè lápá òsì, ẹ kà á wálẹ̀ dé 4, kẹ́ ẹ wá gba apá ọ̀tún gòkè láti 5 dé 8. Mo so ẹsẹ̀ 2 àti 4 mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, mo so 6 mọ́ pósítíìfù. Ẹsẹ̀ àárín fọ́lúùmù wọ 3. Capacitor 10 µF lọ láti 7 sí nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹsẹ̀ 5 ni ohùn ń gbà jáde: 220 µF wà láàárín òun àti sípíkà, pósítíìfù rẹ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ 5, wáyà kejì sípíkà sì lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù. Láti ẹsẹ̀ 5 yìí kan náà, 10 Ω àti 473 tò tẹ̀lé ara wọn lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù. Mo fi 1 àti 8 sílẹ̀ lófìfo, IC á sì sọ ohùn di ìlọ́po 20. Àwọn kan máa ń fi 10 µF sáàárín wọn kó lè di 200, ṣùgbọ́n ohùn fóònù kò nílò ìyẹn. Ńṣe ló máa ya.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń fò ni 100 µF àti 104 tó yẹ kó wà láàárín ẹsẹ̀ 6 àti 4, kó sún mọ́ IC pẹ́kípẹ́kí. Bí sípíkà bá ti ń fa iná, fólìtì bátìrì á máa lọ sílẹ̀, á tún máa gòkè, pàápàá bí bátìrì bá ti ń rẹ̀. Bí kò bá sí capacitor wọ̀nyí, IC á máa gbọ́ ara rẹ̀, sípíkà á sì máa ṣe tùkù-tùkù-tùkù bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi.

Ní ti fóònù, ẹ má ṣe lọ́ wáyà òsì àti ọ̀tún inú okùn íápíìsì rẹ̀ pọ̀ ní tààrà, torí wọ́n á máa ti ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba inú 1 kΩ tirẹ̀ kọjá, kí wọ́n tó pàdé ní ẹsẹ̀ kan létí fọ́lúùmù. Wáyà kẹta inú okùn náà àti ẹsẹ̀ kejì létí fọ́lúùmù lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù.

Kí n tó so sípíkà, mo wọn iná. Mítà wà ní fólìtì DC 20, wáyà dúdú rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ 4. Ẹsẹ̀ 6 gbọ́dọ̀ sún mọ́ 9. Ẹsẹ̀ 5 gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì rẹ̀, nǹkan bí 4.5. Nọ́ńbà yìí ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ 0 tàbí 9, ẹ má so sípíkà o: wáyà kan ti ṣìnà, tàbí IC ti kú. Nítorí 4.5 yìí náà ni 220 µF ṣe wà níbẹ̀. Láìsí i, iná á máa ṣàn gba inú sípíkà láìdúró, IC á sì gbóná.

Nígbà tó dún dáadáa ni mo wá gbé e sórí veroboard, pákó oníhò tó ní ìlà bàbà lábẹ́, tí a ń jó ẹ̀yà mọ́. Ẹ gé ìlà bàbà tó wà lábẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, láàárín ìlà ẹsẹ̀ méjèèjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ 1 á ti pàdé 8, 4 á sì pàdé 5. Irin ìjólẹ́ẹ̀dì 30 wáàtì àti lẹ́ẹ̀dì 60/40, irin rírọ̀ tó ń yọ́ mú ẹ̀yà mọ́ bàbà, ni mo lò. Ẹ fi irin gbóná kan ẹsẹ̀ ẹ̀yà àti bàbà pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì kan ojú ibẹ̀, kì í ṣe ara irin. Èyí tó bá mú dáadáa á tẹ́, á sì máa dán. Èyí tó bá ṣù róbótó kò mú. Ohùn á máa lọ, á máa bọ̀ tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kàn án. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ jó; IC ló máa ń wọlé kẹ́yìn. Ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, torí òjé wà nínú lẹ́ẹ̀dì yẹn.

Bó bá ń kùn, ẹ gé wáyà fóònù kúrú tàbí kẹ́ ẹ lo èyí tí wọ́n fi wáyà wẹ́wẹ́ bò. Agbára amplifier yìí kò tó wáàtì kan, ṣùgbọ́n sípíkà tó wà ní ìhòòhò ló ń mú kí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín: atẹ́gùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń yípo wá pa ti iwájú. Ẹ dè é mọ́ ojú àpótí pákó tó dé dáadáa, ohùn ìsàlẹ̀ á jáde.