Bí mo ṣe tún iná tọ́ọ̀yì tánkà Hess ọdún 1982 ṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, iná yẹn ti padà tàn o! Òpin ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ṣe é torí ó lè wúlò fún ẹni tó bá ní irú ẹ̀ nílé. Níbí ní New Jersey àwọn èèyàn máa ń pàtẹ ẹrù tí wọn ò lò mọ́ síwájú ilé lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ ni mo ti rí i, tánkà kékeré aláwọ̀ ewé àti funfun, wọ́n kọ HESS gàdàgbà sí i lára. Bàbá tó ń tà á ní ó ti pẹ́ tí iná ẹ̀ ti kú, mo ní kò burú sà, ẹ gbé e wá.

Ọdún 1964 ni Hess, iléeṣẹ́ epo kan ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta tọ́ọ̀yì, ilé epo wọn làwọn èèyàn ti ń rà á fún Kérésì títí di 2014, kó tó di pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà á. Àmọ́ ti 1982 yìí ni mo fẹ́ràn jù torí àwòrán ọkọ̀ 1933 ni wọ́n fi ṣe é, ọdún yẹn gan-an ni Leon Hess tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, ọmọ ọdún 19, fi ọkọ̀ àlòkù kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé epo kiri ìlú Asbury Park ní New Jersey níbí, epo dúdú tó máa ń ṣẹ́kù tí wọ́n bá ti fọ epo rọ̀bì tán, tó ki débi pé àfi kí wọ́n gbé e gbóná kó tó ṣàn, òun ló ń tà fáwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ má ṣì í mú o, ti 1985 jọ ọ́ bí ìbejì, àmọ́ kóló ni, ó ní ojú ihò tí wọ́n ń sọ owó sí.

Mo dojú ẹ̀ dé, mo ṣí ibi bátìrì, háà, bátìrì àtijọ́ ti yọ omi, ó ti gbẹ di lẹ́búlẹ́bú funfun mọ́ àwọn irin ẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́. Alkaline ni wọ́n kọ sára bátìrì yẹn, torí náà fínígà ni mo fi òwú bọ̀, mo fi kàn án díẹ̀díẹ̀, ó ń hó ṣìì, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọ̀n ọ́n, mo fi sípíríìtì nù ún, ó gbẹ, mo fi sáńpépà tó kúná ra irin náà títí ó fi ń dán. Mo ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́. Kò tàn!

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó gbé tẹ́sítà, gúlóòbù ò jó, wáyà ò já, ṣùgbọ́n iná ò kọjá níbi súwíìṣì. Mo fín oògùn tí wọ́n fi ń fọ súwíìṣì sí i, mo ń tì í síwá sẹ́yìn, ó máa tó ìgbà ọgbọ̀n. Mi ò já ara ẹ̀ rárá torí ike àtijọ́ máa ń sán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sípíríìtì kan ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí o, mo ti fi pa orúkọ rẹ́ lára tánkà mìíràn rí, ó ṣì ń dùn mí, omi àti ọṣẹ ti tó.

Alẹ́ Sọ́ńdè, mo pa iná pálọ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Méjèèjì iwájú tàn, tẹ̀yìn náà tàn, ọmọ mi pariwo! A jókòó sínú òkùnkùn, à ń wò ó. Lẹ́yìn náà mo yọ bátìrì kúrò nínú ẹ̀, mo gbé e sórí ṣẹ́ẹ̀fù.