Egbò Abẹ́ Ẹsẹ̀ Alátọ̀gbẹ: Ẹ Má Fi Tẹ Ilẹ̀

Àwọn àgbà tó ní àtọ̀gbẹ, tí egbò sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, ni a kọ ìwé yìí fún, àti ẹni tó ń bá wọn gbé. A kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fọ egbò, bí wọ́n ṣe ń lo oògùn ṣúgà tàbí irú oúnjẹ tó yẹ kí ẹ jẹ. Nọ́ọ̀sì ti sọ ìyẹn fún yín, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni a tìtorí rẹ̀ kọ ọ́, ohun tí à ń rí láti Ọ̀mùò dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè: àwọn èèyàn ń tọ́jú egbò, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ kan náà rìn lọ sóko.

Wọ́n á fi gọ́ọ̀sì funfun di egbò láàárọ̀, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò, ó di oko. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gọ́ọ̀sì ti rin gbingbin. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún un dì. Oṣù á máa gorí oṣù, egbò á máa jinlẹ̀ sí i, títí yóò fi kan eegun. Kò sí oògùn tó lè wo egbò tí ẹni tó ni ín ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹni tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀, ìrora ni yóò kọ́ ọ pé kó máa tiro. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, ẹni náà á sì máa tẹ egbò rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Bí ẹ bá ń sọ pé "kò kúkú dùn mí," ẹ má fi ìyẹn tu ara yín nínú. Àìdùn rẹ̀ gan-an ni ewu.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nílé lálẹ́ òní. Kí alátọ̀gbẹ na ẹsẹ̀, kó di ojú. Kí ẹlòmíràn fi orí ìka ìfábẹ̀lá kan orí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, fún ìṣẹ́jú àáyá 1 sí 2: àtàǹpàkò, ìka àárín àti ìka kékeré, ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gbá a, ẹ má sì kan ìka kan lẹ́ẹ̀mejì. Kí alátọ̀gbẹ sọ "ọ̀tún" tàbí "òsì" tó bá ti mọ̀ ọ́n lára. Bí kò bá mọ ìka 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 6, ẹsẹ̀ náà ti kú sí nǹkan. Kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ mọ́, yálà egbò wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ohun tó ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ìwúwo ara

Èyí tó dára jù ni èyí tí ẹ kò lè bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, ó dé abẹ́ orúnkún. Ó lè jẹ́ POP, ìyẹn bándéèjì ẹfun tó ń le gan-an bó bá ti gbẹ, tí wọ́n mọ mọ́ ẹsẹ̀ gbágbá, tó ń gba ìwúwo ara kúrò lójú egbò, tó sì ń pín in ká gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ àti ojúgun. Ó sì lè jẹ́ bàtà ìwòsàn gíga tí wọ́n fi bándéèjì líle dè pa, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ má lè tú u. Méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Fún egbò iwájú tàbí àárín àtẹ́lẹsẹ̀, òun ni àwọn onímọ̀ ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lágbàáyé kọ́kọ́ ń yàn.

POP yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi sí eegun tó kán. Ẹni tó kọ́ ọ ló ń ṣe é. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ náà lọ fún àwọn tó ń to eegun nílé, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi pákó dì í. Dókítà Paul Brand, tó tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ ní Vellore, ní Íńdíà, lo irú POP yìí fún egbò ẹsẹ̀ wọn, nítorí pé ẹ̀tẹ̀ náà ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sá fún un. Àìsàn yàtọ̀, ẹsẹ̀ tó kú sí nǹkan ló jọra.

Kí wọ́n tó dì í, ohun méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ẹsẹ̀, àti bóyá egbò ti kó kòkòrò. Ẹsẹ̀ tó tutù, tó ń dúdú, tó ń ṣọyún, tó ń rùn, tàbí tí ara ẹni tó ni ín gbóná, POP kọ́ ló kàn án. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ọjà. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó-Èkìtì. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ fá awọ líle tó yí egbò ká. Ẹ má fi réésà fá a nílé.

Wọ́n á ṣí POP àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ 2 sí 7, torí pé wíwú ẹsẹ̀ á ti lọ sílẹ̀, POP á sì ti ṣò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Egbò tí ẹ̀jẹ̀ ń dé, tí kò sì kó kòkòrò, sábà máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12.

Bí kò bá sí ẹni tó lè ṣe POP, tàbí tí alátọ̀gbẹ kò lè dúró gírí lórí rẹ̀, bàtà ìwòsàn tó ṣeé bọ́ ló kàn. Bí ìyẹn náà kò bá sí, nọ́ọ̀sì lè gé fóòmù tó nípọn yí egbò ká, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, kí ẹ sì wọ bàtà tó gba ẹsẹ̀ dáadáa lé e. Bàtà lásán nìkan, sálúbàtà, bàtà òjò, kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ ìwòsàn.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń bàjẹ́

Bàtà tó ṣeé bọ́ ni wọ́n ń bọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 fi ẹ̀rọ ka ìṣísẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ tí wọ́n fún ní irú bàtà yìí nítorí egbò. Nínú ìṣísẹ̀ 100 tí wọ́n gbé, bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn nínú 28 péré. Bẹ́ẹ̀ ló rí níbí náà. Wọ́n á wọ̀ ọ́ wá sí kílíníìkì, abẹ́ rẹ̀ á mọ́ tónítóní, a ó sì mọ̀ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé.

"Ilé ni mo wà, n kò lọ síbì kankan." Ẹ gbọ́: ìṣísẹ̀ inú ilé ni ìṣísẹ̀. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìyàgbẹ́ lóru, ẹ wọ̀ ọ́. Láti pálọ̀ dé ilé ìdáná, ẹ wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ dìde lẹ́ẹ̀kan péré láti lé adìẹ kúrò lórí gbáàgúdá tí ẹ sá, ẹ wọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ rán ọmọ.

Ìjọ tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé, kí ẹ ti lọ bá olùṣọ́ ìjọ ṣáájú ọjọ́ ìsìn, kí ẹ fi egbò náà hàn án. Kí Mùsùlùmí bá lèmọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀: a lè jókòó sórí àga kírun, ẹ̀sìn sì gbà kí a fi ọwọ́ tútù pa orí ohun tí wọ́n fi di egbò nígbà àlùwàlá. Bàbá tó wà nínú POP kò gbọ́dọ̀ máa dọ̀bálẹ̀, kí ìyá má sì kúnlẹ̀. Kí àwọn àgbà tí wọ́n ń kí fojú fo èyí.

Ní ti oko, a mọ̀ pé ebè kì í dúró de egbò. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣètò àáró tàbí ọ̀wẹ̀ kí wọ́n tó di POP, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá ẹni tí yóò kọ ebè, tí yóò ro ìdí kòkó fún ọ̀sẹ̀ 12. Àkùrọ̀ tí a gbin ìrẹsì sí kò ṣeé dé rárá. Kò sí gígun ọ̀kadà fúnra ẹni. Ìyá tó ní egbò kò gbọ́dọ̀ dúró ti odó. Bí ilé bá fẹ́ jẹ iyán, kí àwọn ọmọ gún un. Ó ń dùn wá gan-an láti rí ìyá àgbà tó ń tiro lọ fa omi nígbà tí géńdé mẹ́ta jókòó sílé.

Ẹ lo ọ̀pá ìtìlẹ̀ 2. Ẹ fi kún gìgísẹ̀ bàtà ẹsẹ̀ kejì kí gíga méjèèjì lè dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìbàdí á máa ro yín, ẹ ó sì wá àwáwí láti bọ́ POP. Ẹ máa wo abẹ́ ẹsẹ̀ kejì yẹn lójoojúmọ́, nítorí òun ló ń ru ẹrù báyìí. Tí ẹ bá ń wẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí, kí ẹ fi ọ̀rá ńlá bò ó, kí ẹ so ó lókè orúnkún.

Ẹ padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà bí POP bá rọ̀, tó bá sán, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rìn nínú rẹ̀. Bí omi bá ń là á já, tó bá ń rùn. Bí ọmọ-ìka bá wú tàbí tí àwọ̀ wọn yí padà. Bí ibà bá dé, tí ṣúgà bá lọ sókè láìnídìí, tàbí tí kókó bá yọ ní abẹ́nú itan. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé e, ẹ má da àgbo tàbí òróró sínú rẹ̀, ẹ má sì ki ọwọ́ ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́ láti họ ara.

Lẹ́yìn tó bá jinná

Nínú alátọ̀gbẹ 100 tí egbò ẹsẹ̀ wọn jinná, nǹkan bí 40 ni egbò tún ń yọ lára wọn láàárín ọdún kan. Nítorí náà, ẹ má padà sí sálúbàtà. Ẹ ra bàtà tí inú rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 gùn ju ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìdúró, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ẹ máa ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. A ti bá òkúta, ìṣó àti kóró àgbàdo nínú bàtà ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Omi tí ẹ ó fi fọ ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 37 ti Celsius lọ, ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ sì fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn kan omi gbígbóná Ìkógòsì náà.

Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn. Ẹ máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lálaalẹ́. Bí ojú kan bá gbóná ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ, ẹ má fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀ mọ́, kí ẹ sì padà síbi tí wọ́n ti di POP fún yín. Kí ẹ mú bàtà tí ẹ ń wọ̀ dání, kí wọ́n lè yẹ inú rẹ̀ wò.