Bí mo ṣe wá ibi tí pápá ṣáàjì méjì ti pa ara wọn rẹ́

Àbúrò mi tó ń múra ìdánwò WAEC ló gbé ìṣirò yìí wá bá mi nílé, nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ṣáàjì (ẹrù iná mànàmáná) +9 nanocoulomb, ìyẹn ẹyọ tí a fi ń wọn ṣáàjì, wà níbì kan, −4 wà ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí i. Níbo ni pápá iná mànàmáná, ìyẹn agbára tí ṣáàjì fi ń ti ṣáàjì mìíràn tàbí fà á, ti di òdo?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ kọ fọ́múlà fún mi o, mo mọ̀ ọ́n."

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́: bí èèyàn bá jìnnà sí ṣáàjì ní ìlọ́po méjì, pápá rẹ̀ á ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Láti 1785 ni Coulomb, onímọ̀ físíìsì ará Faransé, ti fi irú òfin yìí hàn. Ṣùgbọ́n ibi tí yóò ti wá a ni kò mọ̀.

Mo fi ẹfun fa ìlà gbọọrọ sórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdérí ìgò dúró fún +9, òkúta wẹ́wẹ́ dúró fún −4. Mo ní kó fi ìka rẹ̀ ṣe ṣáàjì pọ́sítíìfù kékeré, kó máa gbé e kiri. Láàárín méjèèjì, ìdérí ń tì í, òkúta ń fà á, ọ̀nà kan náà sì ni wọ́n jọ ń gbé e lọ. Kò lè di òdo níbẹ̀ láéláé. Lẹ́yìn ìdérí, wọ́n ń ta ko ara wọn, àmọ́ èyí tó lágbára jù náà ló tún sún mọ́ ọn jù. Ta ni yóò bá a du ú? Ó wá ku ẹ̀yìn òkúta.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbà kó mú bírò, kó fi x ṣe iye sẹ̀ǹtímítà láti òkúta lọ sẹ́yìn rẹ̀:

9/(50+x)² = 4/x²

Ó yọ square root ọ̀tún àti òsì: 3x = 2(50+x), x = 100. Mítà kan géérégé lẹ́yìn òkúta, a sì wọ̀n ọ́n. Pápá kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ jẹ́ 36 N/C (newton fún coulomb kan), wọ́n kọjú ìjà síra wọn.

Ọmọ náà ò dákẹ́. Ó ní tí òun bá tú àkámọ́ náà tán, x = −20 náà máa ń jáde. Ibẹ̀ gan-an ló máa ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà, ìdí nìyí tí n kì í fi í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò. Àárín ni −20 bọ́ sí. Ní tòótọ́, pápá méjèèjì dọ́gba níbẹ̀, 900 N/C ẹnì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ojú kan náà ni wọ́n kọ sí: 1,800 ni àpapọ̀ wọn.

Mo ní kó sọ −4 di +4. Kò tilẹ̀ kọ nǹkan kan. Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò lẹ́yìn òkúta, ó gbé e sí àárín, sẹ̀ǹtímítà 30 sí ìdérí.