Line Dance ní Amẹ́ríkà: Ẹ Má Sá Lọ sí Ìlà Ẹ̀yìn

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà kò ní pẹ́ kó tó pàdé rẹ̀. Ó lè jẹ́ níbi ìgbéyàwó, ó lè jẹ́ níbi fàájì àwọn ará ibiṣẹ́: orin kan á dún, gbogbo èèyàn á dìde tò sórí ìlà, ìyá arúgbó àtọmọdé á máa gbé ẹsẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Line dance nìyẹn. Kò béèrè ọkọ, kò béèrè aya. Ẹni tó dá wá náà á jó o.

Ohun tó ń dà wá láàmú níbẹ̀ ni pé a ti mọ ijó jù. Ìlù á dún, ara á fẹ́ fèsì bó ṣe wù ú. Kò sáyè ìyẹn níbí. Ìgbésẹ̀ ti wà nílẹ̀, ṣe ni wọ́n ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀jọ. Ọ̀pọ̀ ijó náà jẹ́ kíkà 32, ìyẹn ẹ̀jọ lọ́nà mẹ́rin, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pe ijó kan ní four-wall, ẹ ó máa kọjú sí ògiri mìíràn nígbà kọ̀ọ̀kan tí kíkà bá parí, títí ẹ ó fi yí yàrá náà po. Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí. Mo sá sí ìlà ẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi. Wọ́n yí padà, mo di ẹni iwájú. Àárín ni kí ẹ dúró sí, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lè wà níwájú yín níbikíbi tí ẹ bá kọjú sí.

Lójú tèmi, orin tó ń pàṣẹ ìgbésẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Cupid Shuffle, tó jáde ní 2007, rọrùn: ẹ lọ sọ́tùn-ún, ẹ lọ sósì, ẹ ta ẹsẹ̀, ẹ rìn yípo díẹ̀. Ijó Electric Slide ò rí bẹ́ẹ̀. Ric Silver ló ṣe é ní 1976, kíkà 18 sì ni wọ́n sábà máa ń jó o, kò bá ẹ̀jọ-ẹ̀jọ orin mu rárá. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ máa kà níbẹ̀, kì í ṣe orin.

Ní ilé ọtí tí wọ́n ti ń kọrin country, àárín gbàgede ijó ni ti àwọn tó ń jó lórí ìlà. Etí gbàgede ni tọkọtaya ń gbà yípo, kò sì sẹ́ni tó ń gbé ife wọ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ọtí bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́ èèyàn ní ijó kí èrò tó pọ̀ lálẹ́, ẹ tètè dé.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ dáadáa, kó lọ síbi ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pè ní absolute beginner, ìyẹn ti ẹni tí kò mọ nǹkan kan rí. Ìwé ìgbésẹ̀, tí wọ́n ń pè ní step sheet, pọ̀ lórí CopperKnob, ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ń wo fídíò, ẹ wá èyí tí wọ́n yà láti ẹ̀yìn oníjó, kí ọ̀tún rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀tún yín. Bàtà onírọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú á ṣe orúnkún yín léṣe nígbà yíyí.

Bí ìgbésẹ̀ bá dàrú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má jáde. Ẹ máa tẹlẹ̀ lójú kan títí wọn á fi yí sí ògiri tuntun, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ení.