Bá a ṣe kó ara wa jọ n'Íkẹ́rẹ́, àwa tá a jọ ṣiṣẹ́ l'Àkúrẹ́ kí wọ́n tó dá Èkìtì sílẹ̀

Ọ́fíìsì ìjọba kan náà la wà ní Alágbàká l'Àkúrẹ́ kí wọ́n tó pín wa sí méjì. Látọdún 1976 ni gbogbo wa ti jẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọmọ Adó, ọmọ Ọ̀wọ̀, ọmọ Ìjerò, ọmọ Okìtìpupa, ọmọ Ìkàrẹ́, a jọ ń ṣiṣẹ́, a jọ ń jẹun, tí ẹnì kan bá bímọ gbogbo wa la máa lọ. Nígbà tó wá di October 1, 1996 tí Abacha kéde ìpínlẹ̀ tuntun mẹ́fà, tí Èkìtì sì wà nínú ẹ̀, àwa ọmọ Èkìtì palẹ̀ ẹrù mọ́ a gba Adó lọ, àwọn yòókù dúró s'Àkúrẹ́. Fóònù GSM ò tíì dé nígbà yẹn o, ọdún 2001 ló tó dé, kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà ẹnì kan lọ́wọ́ nígbà tá a ń pínyà. Àdírẹ́sì ilé la gbà lọ́wọ́ ara wa, ọ̀pọ̀ sì ti kó kúrò nínú ilé yẹn tipẹ́. Nígbà tó yá ibi òkú nìkan la ti ń ríra wa, ó sì ń dùn mí gan-an ni. Mo wá sọ fún ara mi pé màá kó wa jọ níbi tí kò sí pósí láàrin. A ti ṣe é báyìí, mo dẹ̀ fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe lọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ló ń ro irú ẹ̀ tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ ni mo kọ́kọ́ wá. Rẹ́jísìrì, ibi tí wọ́n ń kó fáìlì pa mọ́ sí, ni mo ti ṣiṣẹ́ jù láyé mi, mo mọ̀ pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé, kò sẹ́ni tó máa rí i. Èmi ni mo máa ń gba àjọ ọ́fíìsì wa nígbà náà, ìwé tí mo fi ń kọ ọ́ ṣì wà nínú àpótí aṣọ mi. Ìwé yẹn wúlò fún mi ju ìwé ìjọba èyíkéyìí lọ. Ìwé ìjọba á to èèyàn ní lẹ́fẹ̀ẹ̀lì lẹ́fẹ̀ẹ̀lì, àwọn tí wọ́n ń gba owó ojúmọ́ lè máà sí níbẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n nínú ìwé àjọ, mẹ́sẹ́ńjà, dírẹ́bà, taípísì, ìyá tó ń gbá ilẹ̀, gbogbo wọn wà lójú ewé kan náà pẹ̀lú ọ̀gá. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ tá a ń pe ara wa ni mo kọ síbẹ̀, Ìyá Ìbejì, Bàbá Ìkọ̀lé, Dírẹ́bà Ìlàjẹ, Bọ̀dá Akáùǹtì. Mo wá mú fọ́tò tá a yà lọ́jọ́ tá a ṣe sẹ́ńdọ́ọ̀fù fún ọ̀gá wa kan, mo ń fi ojú kọ̀ọ̀kan wé orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ orúkọ gidi síwájú ẹ̀ bí mo ṣe ń rántí.

Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ jù kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba rárá, ìyá tó ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà fún wa lẹ́yìn ọ́fíìsì ni. Màmá ti dàgbà, ọmọ rẹ̀ ló ń tajà báyìí, àmọ́ orí màmá pé. Ó mọ ẹni tó ti kó lọ Ìbàdàn, ó mọ ẹni tọ́mọ ẹ̀ mú lọ Amẹ́ríkà, ó mọ ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹ má fojú di àwọn olóúnjẹ ọ́fíìsì o, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá èèyàn, ọ̀dọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ síbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì n'Ádó, mo fún akọ̀wé wọn ní orúkọ, ó kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, ọ̀pọ̀ sì jáde láti ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó dúró s'Àkúrẹ́ ṣe irú ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn náà. Àwọn tó ṣẹ́ kù, ọmọ wọn la wá lórí Facebook.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: nọ́ńbà ọmọ tó ń tọ́jú àgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbà, yàtọ̀ sí ti àgbà fúnra ẹ̀. Fóònù àgbà lè wà lábẹ́ pílò láìsí iná nínú ẹ̀, etí lè ti ń wúwo, àmọ́ ọmọ á gbé e, ọmọ náà ló dẹ̀ máa gbé e wá lọ́jọ́ ìpàdé.

Ti àwọn tó ti lọ ló le jù. Mo pe nọ́ńbà kan, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún Bàbá ní fóònù, ọmọ tó gbé e dákẹ́, ó ní "Mummy, Bàbá ti sinmi o." Ọkàn mi bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Látìgbà náà, tí mo bá ti pe ilé kan, màá kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ibi tá a ti jọ ṣiṣẹ́, màá wá kí gbogbo ilé lápapọ̀, àwọn fúnra wọn á sọ bó ṣe rí. Mo dẹ̀ pinnu pé ilé tẹ́nì kan bá ti lọ, kí ọmọ kan ti ibẹ̀ wá jókòó sáyè òbí ẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní kí ló kan àwọn ọmọ, èmi ò gbà, nígbà tẹ́ ẹ bá sì ka ìsàlẹ̀ ẹ máa rí i pé wíwá àwọn ọmọ yẹn ló dáa jù nínú gbogbo ohun tá a ṣe.

A ṣí WhatsApp, àmọ́ ojú ọ̀pọ̀ nínú wa ò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà mo ní kí kálukú máa fi ohùn sọ̀rọ̀ dípò kó máa tẹ̀ ẹ́. Ohùn yẹn gan-an ló jí wa. Ẹni tẹ́ ẹ ò gbọ́ ohùn ẹ̀ láti bí ogún ọdún ó lé, tó wá ní "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Alágbàká," àwọn kan sunkún nílé wọn. Mo ṣòfin méjì péré, ọ̀rọ̀ ìṣèlú ò gbọdọ̀ wọbẹ̀, ọ̀rọ̀ gírátúítì náà ò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Kì í ṣe pé gírátúítì ò ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìpàdé ẹgbẹ́ ni àyè tiẹ̀, tó bá ti wọbi ìrántí, ọ̀rọ̀ mìíràn ò ní rí àyè mọ́.

Ìkẹ́rẹ́ la fi ìpàdé náà sí torí ojú ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ ló wà, tó bá jẹ́ Adó, àwa ọmọ Èkìtì la máa dà bíi pé à ń gba àlejò, tó bá jẹ́ Àkúrẹ́ àwa la máa dà bí àlejò. Yàtọ̀ sí yẹn, àwọn tó dúró s'Àkúrẹ́ ò ka Ìkẹ́rẹ́ sí ilẹ̀ àjèjì, ọmọ ibẹ̀ ni olóògbé Bamidele Olumilua tó ṣe gómìnà gbogbo wa ní 1992 sí 1993 kí àwọn ológun tó tún gbà á padà. Mo lọ wo gbọ̀ngàn tá a gbà fúnra mi. Mo wò ó bóyá àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, mo wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bóyá ó jìnnà, mo wò ó bóyá àga ní ẹ̀yìn tí wọ́n lè fara tì. A mú ọjọ́ Thursday, torí Saturday l'Ékìtì ti òkú àti ìgbéyàwó ni, àwa tá a ti fẹ̀yìntì, kí la tún ń dúró de Saturday fún? Aago mẹ́wàá la bẹ̀rẹ̀, a sì ti pinnu pé aago mẹ́ta kí gbogbo èèyàn ti máa lọ, kí ará Okìtìpupa lè délé kó tó ṣú.

Oúnjẹ kúrú láti sọ. Iyán ni, ta ló máa wá s'Ékìtì tí kò ní jẹ iyán, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹgúsí, a kan bẹ àwọn tó ń sè é kí wọ́n rọra bá iyọ̀ jà, a sì se ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àwọn tí dókítà ti kìlọ̀ fún nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Owó, ẹni tó ní mú un wá, ẹni tó níṣu mú iṣu wá, èèyàn méjì ló mójú tó o, ọ̀kan láti Oǹdó ọ̀kan láti Èkìtì, wọ́n sì ka gbogbo ìnáwó jáde kí a tó túká.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọjọ́ náà gan-an. Mi ò jẹ́ kí wọ́n to àga sí ipò ipò. Mo pín wọn káàkiri, ará Adó kan, ará Àkúrẹ́ kan, ọmọ olóògbé kan láàrin. Bí mẹ́sẹ́ńjà wa àtijọ́ ṣe wọlé tó rí dáírẹ́ktọ̀ wa, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, "Ẹ káàárọ̀ sà!" Bàbá dìde, ó dì í mú, ó ní "Rárá o, àbúrò mi, ẹ̀gbọ́n ni kó o máa pè mí. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì yẹn tí mo jẹ́ ọmọdé, ìwọ lo fi ọ̀nà Tírẹ́ṣọ̀rì hàn mí." Àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ títí a fi parí.

Mo ti bi kálukú ní ìbéèrè kan ṣoṣo ṣáájú: iṣẹ́ wo lo ṣe tó o rántí jù? Ìyẹn ló mú kọ́rọ̀ wa má di ìpàdé ẹgbẹ́. Ọmọ kan tó mọ fóònù lò ló ń gba ohùn sílẹ̀. Àwọn taípísì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣàlàyé sítẹ́ńsù, ìwé tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà púpọ̀, fáwọn ọmọ, bí wọ́n ṣe ń yọ ríbọ́ọ̀nù kúrò lójú ọ̀nà kí lẹ́tà irin lè gé ìwé náà fúnra ẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé àṣìṣe kan, ọ̀dà pupa lo máa fi dí i, wàá fẹ́ ẹ kó gbẹ, wàá tún un tẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ Gestetner tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Tó bá ti di àsìkò bọ́jẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn níbẹ̀. Èmi náà sọ ti rẹ́jísìrì, bí ọ̀gá bá kọ "B.U.", ìyẹn "bring up", pé ká gbé e padà wá, sórí fáìlì pẹ̀lú déètì, a máa kọ ọ́ sínú dáírì, lọ́jọ́ tó bá pé gan-an fáìlì yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì ẹ̀ kó tó dé. A ò ní kọ̀ǹpútà kankan, fáìlì kì í sì í sọnù lọ́wọ́ wa, torí kò sí fáìlì tó ń jáde láìkọ orúkọ ẹni tó gbé e lọ. Iṣẹ́ gidi ni, mo ṣì ń fi yangàn.

Nígbà tọ́rọ̀ kan 1996, gbọ̀ngàn yí padà. Ọjọ́ ìsinmi ni October 1 yẹn, Tuesday, torí náà ilé ni kálukú ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Nígbà tá a padà sẹ́nu iṣẹ́, àwa ọmọ Èkìtì ń yọ̀ nínú, ṣùgbọ́n a ò lè yọ̀ síta lójú àwọn tá a jọ jókòó. Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, tó fẹ́ ọmọ Èkìtì, ní òun ò sùn fún ọ̀pọ̀ òru, ọkọ òun ń lọ, iṣẹ́ òun ń dúró, àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n tún sọ bá a ṣe jókòó sílẹ̀ tá a ń pín fáìlì, fáìlì òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á bá olówó ẹ̀ lọ, fáìlì ìlú kọ̀ọ̀kan á bá ìlú ẹ̀ lọ, èyí tó bá kan ìpínlẹ̀ méjèèjì á dúró, a máa dà á kọ. Bọ̀dá Akáùǹtì ní ọjọ́ tí lọ́rì gbéra l'Álágbàká, àwọn ará Àkúrẹ́ ló bá wa gbé gbogbo ẹrù sókè, wọ́n tún di okùn ẹ̀ fún wa. N'Ádó, nígbà Ọ̀gágun Bawa tó jẹ́ alákòóso ológun àkọ́kọ́ l'Ékìtì, orí báńdù fáìlì yẹn náà la jókòó lé kí àga tó dé.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ taípísì wa kan tó ti lọ, ó ti lé lógójì ọdún. Kò mọ̀ rárá pé ìyá òun ló tẹ gbogbo lísìtì fáìlì tá a kó wá s'Ádó. Ó ní ohun tóun mọ̀ ni pé ìyá òun máa ń pẹ́ délé, ó máa ń ní ẹ̀yìn ń dun òun. Àwọn tí wọ́n jókòó tì í nígbà náà ń sọ fún un bí ọwọ́ ìyá ẹ̀ ṣe yá tó, bó ṣe máa ń kọrin bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n dúró, ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin lórí fóònù kíyẹn náà lè gbọ́.

A ti pín ohùn tá a gbà sílẹ̀ fún èèyàn mẹ́ta kó má bàa sọnù, ọmọ kan sì ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ní Yorùbá, bí kálukú ṣe sọ ọ́ gan-an. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú owó la fi lọ wo àwọn tí ara wọn ò yá tí wọn ò lè wá. Ìyá ọmọ Ọ̀wọ̀ yẹn ló ní òun máa gbàlejò wa lọ́dún tó ń bọ̀, l'Àkúrẹ́. A ò tíì rí Dírẹ́bà Ìlàjẹ o, a ti ránṣẹ́ sí Ìgbókọ̀dá, ẹnì kan tún ní òun gbọ́ pé ó wà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ ní Sàgámù, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa tún wá a lọ síbẹ̀.