Bí A Ṣe Ń Yan Àpò Oníkíbọ́ọ̀dù fún iPad

Kí ẹ tó sanwó, ẹ dojú iPad yín bolẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà A lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé fífẹ̀ ojú nìkan kò tó. Ínǹṣì 10.9 ni ojú iPad ìran 10 àti iPad Air ìran 5, tí àwọn méjèèjì jáde lọ́dún 2022, síbẹ̀ ti àkọ́kọ́ fi nǹkan bíi mìlímítà kan gùn ju èkejì lọ, ó sì nípọn jù ú lọ. Àpò wọn kò ṣeé fi dípò ara wọn.

Kíbọ́ọ̀dù tó ń lo Bluetooth ní bátìrì tirẹ̀ tí ẹ óò máa ṣájì. Èyí tó ń gba ojú irin kékeré mẹ́ta tó wà lára iPad máa ń fa iná láti ara rẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń kọ̀wé lójoojúmọ́.

Ẹ gbé e lé itan, kí ẹ tẹ gbólóhùn kan: bí ó bá ń ṣubú sẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà.